Ọdún kẹtàlá rèé tí ìjọba ìbílẹ̀ ò jẹ́ ká kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá wa, ẹ̀yin tójú yín ti rí irú ẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́bíOnílẹ̀
Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ báyìí ni mo ṣe ní kí n gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọdún mẹ́tàlá ò ṣe é kó sínú ìlà méjì.

Bàbá wa ra plọ́ọ̀tì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹbí kan ní 1994. Ìwé ẹbí wà, rìsíìtì wà, sọ́fè wà. Ìgbẹ́ ni ibẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n gbin ọ̀pẹ àti obì sí i, wọ́n gbẹ́ kànga kan sí i. Bàbá kú ní 2009. Èmi ni àkọ́bí, obìnrin ni mí, àwọn àbúrò mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí i pé kí n máa bójú tó o. Ní 2012 a ya plánì, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, a san gbogbo owó tí wọ́n ní ká san. Wọ́n ní ká padà wá. A padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá ò sí. A tún padà lọ. Ó di oṣù kẹjọ kí ọkùnrin kan tó fa máàpù ńlá kan jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fìka lé ibì kan, ó ní "ẹ wò ó, ibi tẹ́ ẹ ń wí yìí, ibi ìgbafẹ́ ni o, wọn kì í kọ́lé síbẹ̀." Mo wò ó dáadáa. Gbogbo máàpù yẹn, íǹkì ni wọ́n fi yà á. Ojú ilẹ̀ tiwa àti ti àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé wa nìkan ni wọ́n fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ewé kùn, ó tiẹ̀ ta kọjá ìlà lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ìwé níbẹ̀ sì ti hó díẹ̀ bíi pé wọ́n ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe é, ó ní ó ti pẹ́. Mo ní kó fún mi ní lẹ́tà, ó ní kí ni mo fẹ́ fi lẹ́tà ṣe nígbà tí mo ti fojú ara mi rí i.

Àtìgbà yẹn la ti ń lọ tí a ń bọ̀. Ní 2015 a mọ fẹ́ǹsì yí i ká kí ẹlòmíì má bàa tún un tà, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi wá fi ọ̀dà pupa kọ X sí i lára, wọ́n kọ déètì sábẹ́ ẹ̀, wọn ò fi ìwé kankan sílẹ̀. Alága mẹ́ta ló ti jẹ lójú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo wọn ló sọ fún wa pé àwọn á yanjú ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni aládùúgbò kan pè mí pé típà ń da yanrìn sílẹ̀ wa. Mo sáré lọ. Wọ́n ti wó fẹ́ǹsì apá iwájú, wọ́n ti gé ọ̀pẹ mẹ́rin, kọngílá tó wà níbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló fún ọ̀gá òun ní ibẹ̀ kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù o! Ibi ìgbafẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ni ín kọ́lé sí láti 2012. Mo jókòó sórí kùkùté ọ̀pẹ tí bàbá mi fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn, mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_2
Ha, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ó dùn mí bíi pé ilẹ̀ tèmi ni torí ojú tiwa náà ti rí i. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín, nínú gbogbo ọdún mẹ́tàlá yìí, ṣé ìwé kankan wà tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, tó lórúkọ ọ́fíìsì wọn lórí, tí ẹnì kan buwọ́ lù, tó sọ pé rárá? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o, kì í ṣe X lára fẹ́ǹsì.

Àkọ́bíOnílẹ̀
Kò sí mà. Kò sí ẹyọ kan. Rìsíìtì 2012 ló wà lọ́wọ́ mi, àti lẹ́tà méje tí èmi kọ sí wọn, mẹ́ta nínú ẹ̀ ni wọ́n bá mi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi.

Agbẹjọ́rò_ÌlúKejì
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo ń bá kiri kọ́ọ̀tù, àmọ́ ohun tí mo bá sọ níbí ò lè dípò lọ́yà tó máa jókòó ka ìwé yín lójú ara ẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi, "ilẹ̀ wa ni" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló kàn. Èyí tó kàn ni pé, ṣé ìjọba gba ilẹ̀ yín ni, àbí wọ́n kàn ní ẹ ò gbọdọ̀ kọ́lé sí i? Ọ̀nà méjì ni, òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń darí wọn.

Tí wọ́n bá ní àwọn gbà á, Land Use Act, òfin ìlò ilẹ̀ tó jáde ní 29 oṣù kẹta 1978, ló ń darí ìyẹn. Abala 28 ní gómìnà ló lè gba ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀ padà, torí àǹfààní gbogbo ìlú. Kì í ṣe alága, kì í ṣe kánsílọ̀, kì í ṣe ẹni tó ni kọ́bọ́ọ̀dù. Òṣìṣẹ́ tí gómìnà fún láṣẹ ló máa buwọ́ lùwé ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé yẹn jíṣẹ́ fún onílẹ̀, abala 44 to bí wọ́n ṣe ń fi jíṣẹ́: kí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi lẹ́tà rẹ́jísítà, àtàwọn ọ̀nà míì tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ìwé yẹn bá tó dọ́wọ́ onílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ ń parí. Kò tíì dọ́wọ́ yín. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà á lóòótọ́, abala 44 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 (nọ́ńbà kan náà ni, ẹ má jẹ́ kó dà yín lójú rú) ní wọ́n gbọ́dọ̀ tètè san owó gbà-má-bínú, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà á, pé ibẹ̀ kàn kì í ṣe ibi ilé gbígbé ni, ọ̀rọ̀ ètò ìlú nìyẹn. Supreme Court ti là á ní 2003 nínú ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, nítorí náà òfin ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ yín lẹ máa lọ rà kẹ́ ẹ kà. Ẹni tó bá kọ plánì yín níláti sọ ìdí tó fi kọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lórí ìdí yẹn.

Àárín méjèèjì ni wọ́n há yín sí. Wọn ò gbà á, kí wọ́n má bàa san kọ́bọ̀. Wọn ò kọ̀ ọ́ níwèé, kẹ́ ẹ má bàa rí nǹkan gbé síwájú adájọ́. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ mú wọn yan ọ̀kan, lórí ìwé.

Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ ń kánjú: ọjọ́ tí wọ́n wó fẹ́ǹsì yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, Public Officers Protection, oṣù mẹ́ta ló fún ènìyàn láti gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ohun tí wọ́n bá fi iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ òfin ìjọba ìbílẹ̀ tún ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní nótíìsì oṣù kan kẹ́ ẹ tó pẹjọ́. Ẹ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Lóòótọ́ kọ́ọ̀tù ti sọ nínú àwọn ìdájọ́ kan pé òfin oṣù mẹ́ta yẹn ò ká ẹjọ́ gbígba ilẹ̀ ẹni padà mọ́, àmọ́ ẹ má fi ilẹ̀ bàbá yín ta tẹ́tẹ́.

Súúrù_Lérè
Èmi ò ní sọ bíi tiyín o, kẹ́ ẹ sì má bínú sí mi. Ìjọba kì í kú, ènìyàn ló ń kú. Bàbá ìyàwó mi bá ìjọba ṣẹjọ́ ilẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n jàre, ìwé ìdájọ́ dé ilé ó bá òkú wọn. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún arábìnrin yìí. Tí wọ́n bá lè fún yín ní ilẹ̀ míì dípò, ẹ gbà á. Ẹ wá àgbà tó lẹ́nu ní ìlú kó bá yín bá wọn jókòó, kẹ́ ẹ sì wá nǹkan fi sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ọ́fíìsì yẹn kẹ́ ẹ lè sinmi.

ÌyáÌbejì_2
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó yín sì dùn mí, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ fi parí yẹn, ẹ jọ̀ọ́ kí wọ́n má gbìyànjú ẹ̀. Ohun tí àwa ṣe gan-an nìyẹn. A fún ẹni tó wà lórí àga nígbà yẹn lówó, ó fún wa ní ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ó lu òǹtẹ̀ sí i, a jó a yọ̀, a da ìpìlẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì míì, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà plánì sí, nọ́ńbà tó wà lára ìwé tiwa, orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi katakata wó ìpìlẹ̀ yẹn lójú èmi àtàwọn ọmọ. A ò sì lè pariwo torí kí la fẹ́ sọ pé a sanwó fún?

Tí ilẹ̀ ìpààrọ̀ ni, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ní lẹ́tà ilẹ̀ tuntun yẹn, kẹ́ ẹ mú sọ́fíyọ̀ tiyín débẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ẹlòmíì kọ́, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.

OníTéépù
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Sọ́fíyọ̀ ni mí. Kí inú tó bí wa jìnnà, ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n: ṣé wọ́n ti mú sọ́fè 1994 yẹn lọ sí ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kí wọ́n chart ẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé e lé máàpù ìjọba láti wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà? Torí ó ṣeé ṣe kí ìjọba ti gba gbogbo agbègbè yẹn, kí wọ́n sì ti gbé e sínú gẹ́sẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, kí bàbá wọn tó rà á. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí tó tà á ò ní nǹkan tí wọ́n ń tà ní 1994. Ó máa ń dunni láti sọ, àmọ́ ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà wọn ní kọ́ọ̀tù.

Tẹ́ ẹ bá chart ẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló máa já sí. Ó lè wà lómìnira, kò sí ìjọba kankan nínú ẹ̀. Ó lè wà nínú ilẹ̀ gbogboogbò tí ìjọba kàn fa ìlà yí ká tí wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, èyí tí ènìyàn ṣì lè bẹ̀ kí wọ́n yọ tiẹ̀ kúrò nínú ẹ̀ tàbí kí wọ́n tún ìwé ẹ̀ ṣe. Èyí tó burú ni tó bá bọ́ sínú èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, èyí tí wọ́n ń pè ní committed, ìyẹn ò wọ́pọ̀ kó ṣe é bọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ tún wá àwọn òpó sọ́fè yẹn jáde. Ẹ má ní wọ́n ti sọnù. Lọ́dún tó kọjá mo lọ bá ẹnì kan wá tiẹ̀, wọ́n ní kò sí mọ́, mo wọn téépù láti igun tó kù, mo fi àdá họ iyẹ̀pẹ̀ bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, òpó sìmẹ́ǹtì yẹn ló wà níbẹ̀, mo fomi fọ orí ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fìka kọ nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù hàn kedere, ó bá ti inú ìwé mu. Òpó yẹn lágbára ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ. Típà sì ń da yanrìn síbẹ̀ báyìí, ẹ tètè o.

Fẹ̀yìntì_ÈtòÌlú
Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀. Inú irú ọ́fíìsì yẹn ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì, ní ìpínlẹ̀ míì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà iṣẹ́ náà. Ibi ìgbafẹ́ kì í ṣe ìwà ìkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àdúgbò tí òjò bá rọ̀ tómi ò níbi gbà, tí ọmọdé ò níbi gbá bọ́ọ̀lù àyàfi ojú títì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹnì kan níláti dúró kó sọ pé ibí yìí, a ò ní kọ́lé síbẹ̀. Mo gba iṣẹ́ yẹn gbọ́ nígbà tí mo wọlé, mo sì gbà á gbọ́ nígbà tí mo jáde. Ìdí tí ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù yẹn ṣe dùn mí wọra nìyẹn.

Torí plánì àdúgbò kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ó ní nọ́ńbà, ó ní déètì, ó ní orúkọ ẹni tó yà á àti ẹni tó fàṣẹ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ yí i, wọ́n níláti ya tuntun, kí òun náà ní tiẹ̀. Kódà òfin ètò ìlú ti 1992 fàyè sílẹ̀ fún ará ìlú láti sọ tẹnu wọn kí irú plánì bẹ́ẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Pẹ́ńsùlù, èrò ọkàn ẹnì kan ni. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ dábàá nǹkan níjọ́ ìpàdé tó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ní ohun míì lọ́kàn.

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" tí wọ́n ń sọ fún yín yẹn, mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ti sọ ọ́ fún ènìyàn rí nígbà tí ọ̀gá ní kí n sọ ọ́, ó sì ń dun ọkàn mi títí dòní. Tí a ò bá kọ nǹkan sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú wa. Nítorí náà mà, ẹ má lọ síbẹ̀ lọ bi wọ́n pé "ilẹ̀ mi ńkọ́" mọ́. Ẹ kọ̀wé bèèrè nǹkan mẹ́ta péré: nọ́ńbà àti déètì plánì àdúgbò tó fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbafẹ́, ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ lórí fáìlì plánì yín ti 2012, àti ìwé tí wọ́n fi fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù láṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi ìgbafẹ́, òun náà níláti tọrọ àyípadà ìlò ilẹ̀. Tí ìwé ẹ̀ bá wà, ẹ máa rí ẹni tó buwọ́ lù ú. Tí kò bá sí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò_ÌlúKejì
Ẹ ṣeun sà, ọ̀rọ̀ yín lẹ́wà. Kí n fi tèmi lé e: kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí lẹ́tà yẹn pé Freedom of Information Act 2011 (FOI), òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba, lẹ fi ń bèèrè. Ọjọ́ méje ni òfin yẹn fún wọn. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, àmọ́ Supreme Court ti pa ìyẹn lẹ́nu mọ́ ní 2025. Ẹ tún bèèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, abala 104 nínú Evidence Act 2011 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí i tẹ́ ẹ bá ti san owó ẹ̀, torí ẹ̀dà lásán ti ìwé ìjọba, kọ́ọ̀tù ò ní gbà á. Kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà méjì dání lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi kọ́ríà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé kọ́ríà.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ní Supreme Court, 1991, kẹ́ ẹ fún lọ́yà yín. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé ìjọba ò lè lo abala 28 fún ohun tí kò sí nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, asán ni. Àwọn kọ́ọ̀tù sì ti tẹ̀ lé e lẹ́yìn ẹ̀ pé kẹ́ ẹ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Lágbájá kẹ́ ẹ gbé e fún Tàmẹ̀dù kó fi jẹun, ìyẹn kì í ṣe àǹfààní ìlú.

Ọmọ_Òkèòkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Amẹ́ríkà ni mo wà, irú ẹ̀ wà níbí náà. Láti 1926 ni Supreme Court ibí ti gbà pé ìjọba ìlú lè pín ilẹ̀ sí ibi ilé, ibi ọjà, ibi ilé iṣẹ́, nínú ẹjọ́ Euclid. Ní 1992 wọ́n wá dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lucas, ó ra plọ́ọ̀tì méjì létí òkun ní South Carolina ní 1986, òfin kan jáde ní 1988 tí kò jẹ́ kó kọ́lé sí i mọ́. Kọ́ọ̀tù ní tí òfin bá ti sọ ilẹ̀ ènìyàn di ohun tí kò lè mówó wọlé rárá, bíi pé ìjọba gbà á ni, kí wọ́n sanwó, àfi tó bá jẹ́ pé látìbẹ̀rẹ̀ ni òfin ilẹ̀ ibẹ̀ ò ti gba onílẹ̀ láàyè láti lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣé a ò lè lo ìyẹn?

Agbẹjọ́rò_ÌlúKejì
Àbúrò, ó dáa bẹ́ ẹ ṣe mú un wá, lọ́yà lè fi ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn, àmọ́ kò de adájọ́ tiwa. Tiwa tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ ka abala 29 nínú Land Use Act. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀, ojú ilẹ̀ gan-an, owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí ẹ̀ lọ́dún yẹn ni wọ́n máa dá padà, tí kò bá san nǹkan kan, òfo ni. Ohun tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún: ilé, fẹ́ǹsì, kànga, igi, irè oko. Nítorí náà mà, ọ̀pẹ yẹn, obì yẹn, ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò wọn, títí kan kùkùté mẹ́rin tí wọ́n gé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó lẹ̀ ń wá.

Akọ̀wé_Àdúgbò
Àwọn mẹ́rin tí ilẹ̀ wọn tẹ̀ lé tiyín, ibo ni wọ́n wà? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín ẹ̀ẹ̀kan lẹ dárúkọ wọn. Ní àdúgbò wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú wa. Wọ́n pe ẹnì kan sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní tiẹ̀ á yọ tó bá lè dákẹ́, wọ́n pe ẹnì kejì, wọ́n sọ ohun kan náà fún un. Ọjọ́ tí a tó jókòó pọ̀ la tó mọ̀ pé àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ti ṣèlérí fún. Ẹ lọ bá wọn nílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi fóònù pè wọ́n. Kí gbogbo yín kọ lẹ́tà kan náà, kí kálukú buwọ́ lù ú.

Àkọ́bíOnílẹ̀
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn àbúrò mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Èyí tó wà ní ìlú òyìnbó ní òun fara mọ́ ẹ̀gbọ́n tó ní ká fi sílẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Màá padà wá sọ ibi tó bá já sí.

Àkọ́bíOnílẹ̀
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ.

A chart sọ́fè. Òmìnira ni! Kò sí ìjọba nínú ẹ̀. Sọ́fíyọ̀ tí a mú lọ rí òpó mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹrin ni yanrìn bò. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta nínú mẹ́rin buwọ́ lùwé pẹ̀lú wa, ìkẹrin ní òun ń bọ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ti pè é sí kọ̀rọ̀ bí akọ̀wé ṣe sọ.

Lẹ́tà FOI yẹn, ọjọ́ méje kọjá, wọn ò dáhùn, lọ́yà wa kọ òmíì pé kọ́ọ̀tù ló kàn, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ẹ̀ ni ìdáhùn dé. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí wa láti 2012 nìyẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ jẹ́ ibi ìgbafẹ́ "gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe plánì àdúgbò ti 2014." Mo kà á tán, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọ mi obìnrin ló ní "Mọ́mì, ọdún wo lẹ san owó plánì?" 2012! Ara mi tutù. Wọ́n fi àtúnṣe 2014 ti plánì tí a fi sílẹ̀ ní 2012 sẹ́yìn, máàpù tí ọkùnrin yẹn fi hàn mí sì ti wà kí 2014 tó dé. Lórí ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan nínú fáìlì.

Fẹ̀yìntì_ÈtòÌlú
Ẹ rọra tọ́jú lẹ́tà yẹn mà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó ẹ̀, títí kan lọ́yà yín, àfi ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù bá bèèrè. Ẹ tún kọ lẹ́tà míì báyìí kẹ́ ẹ bèèrè àtúnṣe 2014 yẹn fúnra ẹ̀, kí wọ́n fi hàn yín ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà.

Agbẹjọ́rò_ÌlúKejì
Ṣé nótíìsì oṣù kan ti lọ? Oṣù mẹ́ta yẹn ń sún mọ́lé o.

Àkọ́bíOnílẹ̀
Ó ti lọ sà, ó ti pé oṣù kan ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. A pẹjọ́ ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Adájọ́ ti ní kí gbogbo ènìyàn dúró níbi tí wọ́n wà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, bélìfù ló lọ lẹ ìwé yẹn mọ́ ara fẹ́ǹsì tó kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ X pupa yẹn. Kọngílá ti kó ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ. Yanrìn ṣì wà níbẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án torí lọ́yà ní ká má fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè kan tó kù lọ́wọ́ mi báyìí: ẹni tó máa ka ọ̀pẹ àti obì kó kọ iye tí wọ́n tó sílẹ̀ fún kọ́ọ̀tù, irú òṣìṣẹ́ wo ni? Sọ́fíyọ̀ tiwa ní kì í ṣe iṣẹ́ òun.

OníTéépù
Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ń díye lé ilẹ̀ àti dúkìá, estate valuer, nìṣẹ́ ẹ̀ wà. Kẹ́ ẹ rí i pé ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń darí iṣẹ́ wọn, kó lu òǹtẹ̀ ẹ̀ sí i. Kẹ́ ẹ mú un débẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, torí kùkùté tí wọ́n gé máa ń jẹrà kíákíá, ẹ sì jẹ́ kó wọn ìwọ̀n ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó yà á ní fọ́tò pẹ̀lú téépù lórí ẹ̀.

Àkọ́bíOnílẹ̀
Mo ti gbọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa lọ.